Pákó Apá Tí Mo Kàn ní Tútù

Bí inú bá ń bí mi, etí mi kì í gbọ́ nǹkan kan. Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, ìyàwó mi sì wá fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ẹ̀gbọ́n mi, tí a jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, tilẹ̀ gbóná jù mí lọ. Nígbà tí a wà ní kékeré, àfi kí wọ́n da omi lé wa lórí kí a tó fi ara wa sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá wa kú, òun ló gbé ọkọ́. Ó ń gbin iṣu àti gbágùúdá lọ́nà Ìgàngán, ebè tó ń kọ ló sì fi rán mi níwèé títí mo fi di tíṣà. Òun fúnra rẹ̀ kò kàwé. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo ohun tó ní láyé, èmi sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀lé ìparí ogun Biafra ni a gbé òkè lé ilé bàbá wa ní Ìdèrè. Mo fẹ́ gbéyàwó, ẹ̀gbọ́n mi sì ní kí n máa gbé òkè, kí òun máa gbé ìsàlẹ̀. Àwọn kan láàárín ẹbí ń kùn pé kò dáa kí àbúrò máa rìn lórí ẹ̀gbọ́n. Ó bú wọn dáadáa.

Pákó la fẹ́ fi ṣe ilẹ̀ òkè náà. Igi arere ni mo fẹ́, nítorí ó funfun, ó sì máa ń dán bí a bá fá a. Mo ti rí irú rẹ̀ nílé àlùfáà wa, mo sì ti ń rí ara mi tí mò ń fi bàtà rìn lórí rẹ̀.

“Tíṣà,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí, “ò ń yan igi bí ẹni ń yan aṣọ. Ọdún mélòó ni ikán fi máa jẹ arere tán? Igi apá la máa lò. Ọ̀kan wà lóko Bàbá.”

Káfíńtà tí a pè sọ pé orí igi apá làwọn àjẹ́ ti ń ṣèpàdé.

“Kí wọ́n wá ibòmíì ṣe é,” ni ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn.

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi gé igi náà. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Àwọn tó ń la pákó fi ayùn là á síbẹ̀ lóko, a sì fi lọ́rì kó o wálé. Ó wúwo bí òkúta, ó ṣì tutù.

“Má tíì kàn án o,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Tò ó sábẹ́ ibòji, kó gbẹ. Tí ọyẹ́ bá kọjá, ká wá kàn án.”

Ìgbéyàwó mi ku oṣù méjì. Mo pariwo mọ́ ọn lójú káfíńtà pé, “Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ gbéyàwó ni àbí èmi?” Ó wò mí, ó tutọ́ sílẹ̀, ó gba oko lọ. Inú òjò ni mo kan gbogbo rẹ̀. Bí a ti ń gbá ìṣó wọlé ni omi ń yọ lẹ́nu ihò, mo sì ń sọ fún káfíńtà pé kó máa gbá a lọ.

Ọyẹ́ dé. Pákó bẹ̀rẹ̀ sí í sán pàà, pàà lọ́sàn-án gangan. Wọ́n sún kúrò lára ara wọn títí àtàǹpàkò mi fi ń wọ àárín wọn. Orí ìṣó yọ síta, ó ya ìyàwó mi lẹ́sẹ̀. Bí ó bá sì gbálẹ̀ láàárọ̀, orí ẹ̀gbọ́n mi ni yanrìn ń dà sí. Lọ́dọ̀ wa, a kì í gbá ilẹ̀ sí àgbàlagbà lára, áńbọ̀sì orí olórí ilé. Ìyàwó mi bá wọ́n omi kó tó gbálẹ̀, ó di ẹrẹ̀ tó ń kán sórí ẹní ẹ̀gbọ́n mi. Ó sọ̀kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ọkọ mi, ẹ má bínú.”

“Kì í ṣe ìwọ,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Sọ fún ọkọ rẹ.”

Káfíńtà ní iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan péré ni, kí a tú pákó náà, kí a tún un kàn, kí ó fún mọ́ra. Mo kọ̀. Bí mo bá tú u, mo ti gbà pé ẹ̀gbọ́n mi ló jàre nìyẹn, mo sì kúkú fẹ́ kí gbogbo wa máa jẹ yanrìn. Bí ó bá fi ọmọ odó gbá àjà láti ìsàlẹ̀, èmi náà á wọ bàtà, màá fi ẹsẹ̀ jan pákó láti òkè. Báyìí la ṣe ń gbé fún odidi oṣù méjì, a kì í kí ara wa.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n mi jókòó ti oúnjẹ ọ̀sán, yanrìn rọ́ sínú ọbẹ̀ rẹ̀. Ó gbé àáké tó fi gé igi náà, ó gun òkè wá.

“Mo wá kó igi mi,” ló wí.

Ìyàwó mi sá jáde lọ pe àwọn ará ilé. Ẹ̀gbọ́n mi la pákó kan, ó fà á tu, ó la ìkejì, ó la ìkẹta. A ń rí yàrá rẹ̀ nísàlẹ̀. Mo fò mọ́ ọn. Ó gbá mi létí, iná ṣẹ́ lójú mi. Mo gé e jẹ léjìká títí mo fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́nu. Ó já ara rẹ̀ gbà, ó gbé àáké sókè, ó wò ó, ó sì jù ú sí kọ̀rọ̀ yàrá.

“Mi ò ní fi irin bá ọmọ ìyá mi jà,” ló wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ó dúró, ó kọ ẹ̀yìn sí ihò náà. Mo rí ihò náà. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò rí i. Mo fi ọwọ́ méjèèjì tì í.

Orí odó tó wà nísàlẹ̀ ló já lé. Mo gbọ́ bí itan rẹ̀ ṣe kán. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, egungun ti yọ síta, ó ń wò ó bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Mo pọ̀n ọ́n, mo sáré dé ojú títì, ọkọ̀ akẹ́rù kan ló gbé wa dé ọsibítù ní Ìgbó-Ọrà. Mo ń sunkún, mo ń bẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ọ̀nà.

Nọ́ọ̀sì bi í pé kí ló ṣe é.

“Pákó ló yẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Àbúrò mi ló pọ̀n mí wá.”

Nọ́ọ̀sì kọjú sí mi, ó bi mí bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹsẹ̀ náà jinná, ṣùgbọ́n ó wọ́, ó sì kúrú. Kò tún kọ ebè mọ́ títí ó fi kú. Ó ń hun agbọ̀n níwájú ilé, èmi ni mo sì rán ọmọbìnrin rẹ̀ níwèé. Àwọn ará Ìdèrè yìn mí ju bí ó ti yẹ lọ. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ò tún jà mọ́. Bí mo bá tilẹ̀ ṣe ohun tó dùn ún, ó kàn máa ń ní, “Ó dáa, Tíṣà.” Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kó gbá mi létí.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ti di ìyá àwọn ọmọ báyìí. Ní gbogbo Kérésìmesì ló máa ń kó wọn wá, tí gbogbo wọn á kúnlẹ̀ yí mi ká. Á ní, “Ẹ kí bàbá yìí dáadáa. Àwọn ló pọn bàbá mi lọ́jọ́ tí pákó yẹ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ẹ ṣé, Bàbá.”

Màá gbé ọwọ́ lé wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Màá ní kò tọ́pẹ́.