Nọ́ọ̀tì Kẹrin Lórí Ìbọn Adésọjí

Bí ẹ bá dé Sábó ní Ṣàgámù tí ẹ béèrè Ephraim agbẹ́rin, ìsọ̀ obì mi ni wọn yóò kọ́kọ́ júwe fún yín, nítorí ilé rẹ̀ ló kọjú sí i. Èmi ni Ìyá Sàrátù. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣa obì níwájú ọkùnrin yìí, tí ariwo ẹ̀rọ rẹ̀ ń di mí létí, tí èmi náà sì ń fi ẹnu san án fún un. Sẹ́fẹ́ntì-dé ni òun àti Modúpẹ́olúwa ìyàwó rẹ̀, mùsùlùmí ni èmi. Mo máa ń bi í pé irú ìsìn wo ló ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé tí owó wà nílẹ̀. Òun náà á ní kí n lọ ṣe àlùwàlá, kí n fi ẹ̀sìn ẹlẹ́sìn sílẹ̀.

Irin ni Ephraim ń gbẹ́: ẹ̀yà ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀yà jẹnẹrétọ̀, ohunkóhun tó bá ṣá ti kán. Àmọ́ nǹkan mìíràn ni àwọn ọdẹ mọ̀ ọ́n fún. Bí ọdẹ bá ra awò tí wọ́n fi ń wo ẹran láti òkèèrè, ó gbọ́dọ̀ ní irin tí yóò gbé awò náà jókòó lórí ìbọn. Gàárì ni Ephraim ń pe irin yìí, nítorí ó ní orí ìbọn ló ń jókòó sí bí gàárì ṣe ń jókòó lẹ́yìn ẹṣin. Ó máa ń bá wọn jà pé wọ́n ń kówó lé awò, wọn ò bìkítà fún gàárì.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Adésọjí, ọdẹ ará Irolu, gbé ìbọn kan wá. Túùkú, ẹlẹ́dẹ̀ igbó, ń hú ẹ̀gẹ́ wọn jẹ, ẹran náà sì gbọ́n, kì í jẹ́ kí ènìyàn sún mọ́ òun. Ìbọn tí ọta rẹ̀ ń rìn jìnnà ló gbé wá, tòun ti ìwé àṣẹ rẹ̀, pẹ̀lú awò tuntun àti gàárì méjì. Ó ní kí Ephraim bá òun yan èyí tó dáa nínú méjèèjì. Ọ̀kan fúyẹ́, ó ń dán, òrùka méjì tó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Èkejì dúdú, ó wúwo, odindi irin kan ṣoṣo ni, nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló sì ń dè é mọ́ ara ìbọn.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí tó ń dán yìí ló wù mí," ni Adésọjí wí.

"Ìwọ ló wù, kò wu ìbọn," Ephraim dá a lóhùn. "Ìbọn yìí ń tàpá. Kò ní í pẹ́ tí òrùka méjì yẹn á fi kẹ̀yìn síra wọn. Èyí tó dúdú ni kóo mú. Tí mo bá dè é tán, ibi tí ojú ẹ bá wò ni ọta máa bá."

Ọjọ́ Jímọ̀ ló dé ìdí iṣẹ́ náà. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó de nọ́ọ̀tì mẹ́ta, ó fi ọwọ́ lásán yí ìkẹrin wọlé kó má baà jábọ́, ni oòrùn bá wọ̀. Ọjọ́ Ìsinmi wọn ti wọlé nìyẹn. Ephraim gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Mo ní, "Nọ́ọ̀tì kan péré! Ṣé Ọlọ́run yín ò ní í fojú fo ìyẹn ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Sọ́ńdè ò jìnnà, Ìyá Sàrátù."

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ara Modúpẹ́ ò yá, ibà ló dá a dúró sílé. Adésọjí dé, ó ní àwọn túùkú ti tún wọ oko, òun fẹ́ ìbọn òun. Modúpẹ́ gbé e fún un. Nígbà tí Ephraim padà dé tó gbọ́, mo rí i tó ń tẹ fóònù lemọ́lemọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Fóònù Adésọjí ò lọ. Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, ó gun ọ̀kadà lọ sí Irolu láti lọ de nọ́ọ̀tì náà. Igbe ẹkún ló pàdé rẹ̀.

Adésọjí ló dúró sí etí oko, Oyèṣọlá àbúrò rẹ̀ ló wọ inú igbó láti lé ẹran jáde. Ewé mì, Adésọjí yìnbọn. Oyèṣọlá ni ọta bá. Àwọn ọlọ́pàá gba ìbọn, wọ́n ti Adésọjí mọ́lé, ẹjọ́ lọ, ẹjọ́ bọ̀, wọ́n ní àṣìṣe ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tẹnu Adésọjí jáde láti ọjọ́ náà: "Àyà túùkú ni mo fojú sí. Awò ló yẹ̀." Kò mọ nǹkan kan nípa nọ́ọ̀tì. Kò tiẹ̀ dárúkọ Ephraim.

Àmọ́ Ephraim gbọ́ gbólóhùn yẹn, ó sì wọ̀ ọ́ lára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í de gbogbo ohun tó bá ní nọ́ọ̀tì. Ó de àga, ó de ilẹ̀kùn, ó de ọwọ́ ìkòkò, ó de ẹ̀rọ ìlọta tí mo ń lò nílé títí irin rẹ̀ fi já, mo sì bú u dáadáa. Ara rẹ̀ gbẹ. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, á máa wo ẹnu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kan ló sọ fún mi. Ó ní bí oòrùn bá ti fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, Oyèṣọlá máa ń wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Kì í sọ̀rọ̀, kì í bínú. Àtẹ́lẹwọ́ ló ń tẹ́ síwájú, bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan.

Ẹ̀rù bà mí, kí n má parọ́. Mo ní kó sọ fún pásítọ̀ rẹ̀. Ó ní báwo lòun ṣe fẹ́ sọ ọ́? Nínú ìjọ wọn, òkú ń sùn ni, kò mọ nǹkan kan títí di ọjọ́ àjíǹde. Mo ní kó sọ fún Modúpẹ́ nígbà náà. Ó mi orí. "Òun ló gbé ìbọn náà fún un, Ìyá Sàrátù. Bó bá gbọ́ pé nọ́ọ̀tì kan ò tíì dè, ó máa rò pé òun ló pa á." Ó bẹ̀ mí kí n má sọ, èmi náà sì pa ẹnu mi mọ́. Ohun tó ń dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, wọ́n ní, ṣùgbọ́n ti Ephraim ò rí bẹ́ẹ̀. Ṣe ló ń gbé e mì.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Adésọjí padà wá. Mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù, mo wá gba ẹ̀rọ ìlọta mi. Ó ti hewú. Ìbọn náà ló gbé dání. Ó ní wọ́n ti dá a padà fún òun, awò rẹ̀ fọ́ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá, àwọn túùkú sì ti ń jẹ oko run. Ó ti ra awò mìíràn, kí Ephraim tú gàárì àtijọ́, kó bá òun yan òmíràn.

"Wá ẹlòmíràn lọ, Adésọjí," ni Ephraim wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ bá mi yan ti àkọ́kọ́. Ẹ má lé mi." Ó gbé ìbọn náà lé orí tábìlì. "Ẹ tiẹ̀ bá mi wò ó, bóyá ó tú. Àjọkẹ́, ìyàwó Oyèṣọlá, ṣì ń bi mí báwo ló ṣe jẹ́. Awò ló yẹ̀, ni mo máa ń sọ fún un. Nígbà míì, bí mo bá dùbúlẹ̀, èmi náà á máa bi ara mi. Bí kì í bá ṣe pé awò yẹ̀, ẹ̀gbọ́n, á jẹ́ pé àbúrò mi ni mo rí, tí mo pè ní ẹran. Mi ò lè gbé ìyẹn. Mo ti wo okùn lójú nítorí ẹ̀."

Ephraim mú irin. Nọ́ọ̀tì kìíní tú, ìkejì tú, ìkẹta tú. Ìkẹrin kọ̀, kò mì rárá. Ó tẹ̀ síwájú, ó fi ìka pa orí rẹ̀. Mo sún mọ́ ọn, mo rí i pé orí nọ́ọ̀tì náà ti bó yánnayànna, bí ìgbà tí ènìyàn fi nǹkan tí kì í ṣe irin iṣẹ́ yí i tagbáratagbára. Ìpẹtà ti so ó pọ̀ mọ́ gàárì.

Ephraim ò bó orí nọ́ọ̀tì rí láyé rẹ̀. Ó gbójú sókè. Modúpẹ́ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tó wọ inú ilé, ó gbé omi wá fún àlejò. Nọ́ọ̀tì náà ló ń wò, omi inú ife sì ń dà sílẹ̀.

Gàárì ò yẹ̀ rí. Awò ò yẹ̀ rí. Ephraim ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Mo rí ojú rẹ̀ tó là bí ojú ọmọdé, inú mi sì dùn dé ibi tí mo fẹ́ pariwo.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Adésọjí wí. Kò lè wo ìbọn náà, ògiri ló kọjú sí. "Ṣé ó tú?"

Ephraim gbé irin ọwọ́ rẹ̀ lé orí tábìlì.

"Ó tú," ni Ephraim wí. "Èmi ni mi ò dè é. Jímọ̀ ni, oòrùn ti wọ̀, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Adésọjí yíjú padà. Ó bú sẹ́kún, ẹkún tí mi ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu àgbàlagbà rí, ó jókòó sílẹ̀, ó ń wí pé, "Ọlọ́run, o ṣé. Ọlọ́run, o ṣé." Nígbà tó ṣe, ó nu ojú, ó dìde, ó wo Ephraim láti òkè dé ilẹ̀.

"Ọdún mẹ́ta, ẹ mọ̀, ẹ ò sọ. Ẹ̀yin lẹ pa àbúrò mi." Ó gbé ìbọn rẹ̀. "Mo máa sọ fún Àjọkẹ́. Mo máa sọ fún gbogbo Irolu." Ó jáde, kò dágbére.

Modúpẹ́ kúnlẹ̀ sínú omi tó dà sílẹ̀. "Ọkọ mi, èmi ni mo dè é. Kí n tó gbé ìbọn fún un, mo rí nọ́ọ̀tì náà tó yọ orí síta, mo ní wọ́n á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, mo bá fi ọ̀bẹ ìdáná yí i. Mo ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, lọ́jọ́ kejì ènìyàn kú. Mo rò pé ẹ̀ṣẹ̀ mi ni Ọlọ́run fi jẹ ẹ́ níyà. Mi ò lè sọ ọ́ fún yín." Ó di aṣọ ọkọ rẹ̀ mú. "Ó dè! Ẹ mọ̀ pé ó dè. Kí ló dé tí ẹ parọ́ mọ́ ara yín? Ẹ jẹ́ kí n sáré bá a."

Ephraim di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò jẹ́ kó dìde.

"Tí o bá bá a, tí o sọ fún un pé ó dè," ó ní, "ta lo fẹ́ sọ fún un pé ó pa Oyèṣọlá?"