Camper Ọkọ Àbúrò Mi

Ọkọ àbúrò mi jẹ́ ọkùnrin tí kò lè ra bàtà kó má pe èèyàn wá wò ó. Nígbà tó ra camper, ilé kékeré orí táyà tí àwọn òyìnbó máa ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ sínú igbó láti lọ fẹ́ atẹ́gùn, ó ní kí pásítọ̀ wá gbàdúrà sí i. Ó ya fọ́tò rẹ̀ níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ní fóònù ní ìlú rẹ̀. Kò sí igbó kankan tó fẹ́ lọ. Ẹ̀fọn kan ṣoṣo tó láti lé e padà sílé. Ohun tó ń fẹ́ ni kí èèyàn máa béèrè pé, "Kí nìyẹn?" kí òun sì máa ṣàlàyé.

Àdúgbò tí wọ́n ń gbé ní Austell, nítòsí Atlanta ní Amẹ́ríkà, kò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láàyè. Ẹgbẹ́ onílé ibẹ̀ kìlọ̀ fún un pé kó gbé e kúrò níwájú ilé. Ó bínú, ó ní torí pé òun jẹ́ aláwọ̀ dúdú ni, títí ìyàwó rẹ̀ fi rán an létí pé aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ni alága ẹgbẹ́ náà. Ìgbà yẹn ló rántí pé èmi, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, ń gbé ní Fairburn, nínú ilé àtijọ́ tí kò ní ẹgbẹ́ kankan, tí àyè sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àbúrò mi ló wá bẹ̀ mí. Bí kì í bá ṣe pé òun ló wá ni, ǹ bá ní kí wọ́n lọ tì í sínú odò.

Ìgbà ooru ni wọ́n gbé e dé. Nígbà tí ewé tán lórí igi, ọkọ àbúrò mi ní òun ń lọ sí Nàìjíríà lọ ṣe Kérésì. Mo bi í léèrè.

"Brọ̀dá, omi inú camper yìí ńkọ́? Ṣé ẹni tó tà á fún yín kò sọ pé kí ẹ tú u dànù kí òtútù tó dé?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rín kan tó máa ń fi dá obìnrin lóhùn, bí ẹni pé ọmọdé ló béèrè ọ̀rọ̀.

"Aunty, Atlanta kì í ṣe Chicago. Òtútù ibí, òtútù yẹpẹrẹ ni. Ẹ ṣáà máa bá mi yọjú sí i."

Ẹni tó bá pẹ́ ní Georgia mọ̀ pé òtútù ibẹ̀ lè gbàgbé wa fún ọdún méjì, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá rántí wa, páìpù á bẹ́ nínú ògiri, àjà á sì já lu àwọn tó ń jẹun. Mo ti rí i nílé aládùúgbò mi. N kò bá a jiyàn. Ẹni tó ti fi ẹ̀rín dáhùn ti sọ bí orí rẹ̀ ṣe tó.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé ìgbà tó lọ, àbúrò mi wá láti Austell. A wo fídíò ìyá òyìnbó kan tó ń tọ́jú camper tirẹ̀ nítorí òtútù, a sì ń ṣe bó ṣe ń ṣe. A ṣí àwọn ihò abẹ́ rẹ̀ tí omi ń gbà jáde, omi dà sí mi lórí bàtà. A tú èyí tó wà nínú ẹ̀rọ agbómigbóná dànù. A ṣí gbogbo tápù sílẹ̀ kí ìyókù lè ro tán, a sì da oògùn olómi aláwọ̀ pinki, èyí tí kì í jẹ́ kí omi dì, sínú ihò ibi ìwẹ̀ àti àwo ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé a ò ní bà á jẹ́ báyìí?"

"Omi la ń tú, a ò tú ilé."

Inú rẹ̀ ń rùn bíi ọ̀rá tuntun. Kò sí ẹni tó sùn níbẹ̀ rí. Ọkọ àbúrò mi ti gbé fọ́tò ara rẹ̀ kọ́ sára ògiri, ọ̀rá tí wọ́n fi wé fóòmù láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára rẹ̀. Àbúrò mi jókòó sórí fóòmù náà, ọ̀rá náà ń dún wàràwàrà lábẹ́ rẹ̀.

"Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa jókòó níbí," ló wí. "Dádì ní mo máa ya ọ̀rá náà."

Ọkọ rẹ̀ ló ń pè ní Dádì. A kó páálí mọ́ọ̀tì tó wà lábẹ́ tábìlì, kí ìgò má baà fọ́ nínú òtútù, a gbé e wọlé mi, a sì mu méjì níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìsìn, ọkọ àbúrò mi pè mí láti Nàìjíríà lórí WhatsApp pẹ̀lú fídíò. Pálọ̀ tó wà kún fún èèyàn.

"Aunty, ẹ bá mi wọ inú ilé mi kejì yẹn, kí àwọn èèyàn mi rí i."

Ilé kejì! Mo wọ ẹ̀wù òtútù, mo lọ. Mo fi bẹ́ẹ̀dì hàn wọ́n, mo fi sítóòfù hàn wọ́n, wọ́n ń pariwo.

"Ẹ tan omi, Aunty. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí omi."

"Kò sí omi níbẹ̀, Brọ̀dá. A ti tú u nítorí òtútù."

Mo gbọ́ ohùn bàbá àgbàlagbà kan láti ẹ̀yìn: "Há! Ṣé wọ́n ń pọnmi ní Amẹ́ríkà náà ni?" Ẹ̀rín sọ. Ọkọ àbúrò mi gé fóònù.

Nítorí ẹ̀rín yẹn, ó rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sí mi. Ọ̀rẹ́ náà ń bá wọn kó ẹrù ní pápákọ̀ òfuurufú ní College Park, gbogbo ìjọ ń pè é ní Engineer, kò sì sí ẹni tó mọ irú ẹnjiníà tó jẹ́. Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mi dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá a níta, ó ti fi rọ́bà fa omi láti tápù ìta mi lọ sínú camper.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, òtútù ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n ti ń pariwo rẹ̀ lórí rédíò."

"Aunty, mo ti calculate ẹ̀. Mo ti gbé heater sínú ẹ̀. Ọ̀gá fẹ́ kó wà ní ready."

Ó rọ tanki kún, ó ti ilẹ̀kùn, ó yọ kọ́kọ́rọ́ tó wà lẹ́nu rẹ̀, ó mú un lọ.

Òtútù dé bí wọ́n ṣe wí. Mo fi tówẹ̀lì wé tápù ìta mi, mo jẹ́ kí tápù ilé ìdáná máa ro tótó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, iná pupa heater, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, tí mò ń rí lójú fèrèsé camper ti kú. Iná mànàmáná tó ń lò ti já. Mo pe Engineer.

"Mo wà lẹ́nu shift, Aunty. Ẹ fọkàn balẹ̀. Mo máa yọjú."

Kò yọjú. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀. Mo po ògì gbígbóná, mo jókòó tì í.

Ìgbà tí oòrùn padà ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn camper, bí ìgbà tí ẹnì kan bá ń fọlé níbẹ̀. Engineer wá ṣí i. Ilẹ̀ rẹ̀ ti rọ̀ bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Àwo ìgbọ̀nsẹ̀ ti là sí méjì. Omi ti wọ inú ọ̀rá fóòmù, kò sì rí ibi jáde. Fọ́tò ara ògiri ti wú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin náà tún wá fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nígbà tó dé láti Nàìjíríà, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró níwájú ilé mi, wọ́n ń pariwo.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n rọ omi sí i!" Engineer ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Ṣé ìwọ kì í ṣe engineer ni?"

"Iṣẹ́ afárá ni mo kọ́! Mo ti sọ fún yín!"

Ni ọkọ àbúrò mi bá yíjú sí mi. "Aunty, ká ní ẹ̀yin ò tú omi àkọ́kọ́, wọn ò ní fi mí rẹ́rìn-ín. Bí wọn ò bá sì fi mí rẹ́rìn-ín, ta ni mo fẹ́ rán níṣẹ́?"

Mo wo ẹnu rẹ̀. Ó dá mi lójú pé ó gba ohun tó ń sọ gbọ́.

"Dádì, ẹ dákẹ́."

Àbúrò mi ni. N kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí látìgbà tó ti wọlé ọkọ.

"A ti tú omi yẹn. Camper yín ì bá wà bó ṣe wà. Ẹ ní kí wọ́n rọ ọ́ padà kí bàbá arúgbó kan má baà fi yín ṣẹ̀sín. Ẹ̀sín náà ló wà nílẹ̀ yìí."

Ọkọ rẹ̀ ní ayé ló ṣe òun, pé òun mọ àwọn tó fi ojú burúkú wo camper náà nígbà tí pásítọ̀ ń gbàdúrà. Engineer mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo fi wọ́n sílẹ̀ síta.

Àbúrò mi ló wá ẹni tó máa gbé camper náà lọ. Ọkọ rẹ̀ ṣì ń sọ fáwọn èèyàn pé òun fẹ́ tún un ṣe nígbà tí ọkùnrin òyìnbó kan tó ń tú irú ẹ̀ sí wẹ́wẹ́ tà gbé ọkọ̀ rẹ̀ dé. Ọkọ àbúrò mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń ju ọwọ́, ó ń júwe bí ó ṣe máa fi ẹ̀yìn rìn. Òyìnbó náà kò wò ó. Ó so camper mọ́ ọkọ̀, ó wà á lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́ tí ọkọ àbúrò mi ń sọ fún ẹni iwájú wa pé ó kéré jù ni òun ṣe tà á, pé oníyàrá méjì ni òun fẹ́ rà báyìí.

Àbúrò mi, tó jókòó sáàárín èmi àti ọkọ rẹ̀, ní, "Níbo lẹ máa gbé e sí?"

Ọkọ rẹ̀ mú ìwé orin, ó ń ṣí i kiri, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì pe orin kankan.