Iyùn Tó Lẹ́nu

Lónìí, èmi olùkọ́bìnrin fi ọrùn ara mi gbèjà ìmọ̀ sáyẹ́nsì.

Mo ti kọ́ kíláàsì àwọn àgbà ní Ìsẹ́yìn pé iyùn kì í ṣe òkúta. Egungun ẹ̀dá inú òkun ni, ẹ̀dá tó lẹ́nu, tó ń mú ẹran kéékèèké jẹ lóru. Rónkẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ń relé ọkọ lọ́la, bá ní òun kò wọ iyùn tí ìyá rẹ̀ àgbà fún un fún ìgbéyàwó mọ́.

Ìyá àgbà ránṣẹ́ pè mí.

"Tíṣà, ṣé kò ní bù ú jẹ?"

"Rárá, Màmá. Ó ti kú tipẹ́."

"Òkú lo wá fẹ́ kó wọ̀ relé ọkọ?"

Rónkẹ́ ní, "Tíṣà, ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ká wò ó."

Nítorí gbogbo olùkọ́ sáyẹ́nsì, mo wọ̀ ọ́.

Rónkẹ́ wò mí títí, ó nawọ́. "Ó mà yẹ yín o! Ẹ bọ́ ọ fún mi, kí ọkọ mi má baà gbé yín lọ."

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ṣé ìṣẹ́gun nìyẹn, àbí ẹ̀sín?