Ọjọ́ Tí Eyín Ìyá Mi Bọ́ Sínú Kẹ́ńkè

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí à ń gbé ní Ashaiman lẹ́bàá Ákrà ní Gánà, kò sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ kí ìyá mi "ẹ káàárọ̀" láì tíì fọ ẹnu. Bí a bá ti jí, orín ata ni a ó kọ́kọ́ kì bọ ẹnu. A ó máa rún un títí yóò fi ta wá lẹ́nu, kí a tó lè dé ìdí kókó, ìyẹn ògì gbígbóná, àti àkàrà tí àwọn aládùúgbò ń pè ní kóósé. Ẹni tó bá fẹ́ tan ìyá mi, tó kàn fi omi ṣan ẹnu, ìgbátí ni oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí a jọ dàgbà ní Ákrà mọ irú ìyá bẹ́ẹ̀. Aṣọ ni tèmi ń tà ní ọjà Mákólà, èjí ẹnu rẹ̀ ló sì fi ń pe oníbàárà. Bí ó bá rẹ́rìn-ín báyìí, eyín iwájú méjèèjì á tàn, àlàfo tó wà láàárín wọn á hàn gbangba. Àwọn obìnrin tó ń kọjá a máa bá a ṣeré pé, "Alata Maame, serew na mentɔ bi!" Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀; wọ́n fẹ́ kí ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó rajà. Ó mọ̀ pé òun lẹ́wà, kò sì fi pamọ́.

Ẹ̀jẹ̀ máa ń jáde ní erìgì rẹ̀ bó bá ń rún orín. Ó ní ẹ̀jẹ̀ burúkú ni, pé kí ó máa jáde lọ. Tí oṣù àwẹ̀ bá dé, kì í tilẹ̀ jẹ́ kí orín kan ibẹ̀ mọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má baà ba àwẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Nọ́ọ̀sì kan wá sí ilé ìwé wa nígbà kan, ó ní kí a sọ fún àwọn òbí wa pé kí wọ́n máa lọ fọ eyín, kí wọ́n sì máa ha á, lọ́dọ̀ dókítà eyín lóòrèkóòrè. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà nílé. Ìyá mi pòṣé.

"Èmi? Ṣé eyín mi dọ̀tí ni? Eyín tí wọ́n bá ti fi irin ha, ṣebí mímì ló máa ń mì!"

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan nígbà ìsinmi, mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọjà. Ó ra kẹ́ńkè, oúnjẹ àgbàdo tó dà bí ẹ̀kọ, àti ẹja díndín lọ́wọ́ Dedei, ọmọ ẹ̀yà Gá tó ń ta oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ wa. Kò tíì jẹun jìnnà tí nǹkan fi ró "kó" lẹ́nu rẹ̀. Inú bí i.

"Dedei! Ɛboɔ wɔ mu! Ṣé òkúta lo fi ń se oúnjẹ ni?"

Ó tu nǹkan náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó nà án sí Dedei. Dedei wò ó, ó ká ọwọ́ lé orí.

"Ao! Maame, wo se nie!"

Ó ní eyín ìyá mi nìyẹn. Eyín iwájú ni, odindi, ó funfun, kò ní ihò, kò sì dùn ún rí. Nǹkan pupa rúsúrúsú kan ló lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ó le koko. Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ó di eyín náà sí etí ìró, a wọ ọkọ̀ trotro, ó di ọsibítù. Dókítà obìnrin kan fi dígí kékeré wo ẹ̀yìn eyín rẹ̀. Ó ní orín ń fọ iwájú, ṣùgbọ́n ẹ̀gbin tó wà lẹ́yìn àti lábẹ́ erìgì ti gan di òkúta láti ọdún pípẹ́. Orín kò lè ṣí i, ọṣẹ ìfọyín kò lè ṣí i, àfi kí wọ́n ha á. Òun ló ń fa ẹ̀jẹ̀, òun ló sì jẹ egungun tó di eyín mú.

"Híha kọ́ ló ń mú eyín mì, Maame. Ó ti ń mì tẹ́lẹ̀. Òkúta yẹn ni kò jẹ́ kí ẹ mọ̀."

Ìyá mi tú etí ìró rẹ̀. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè lẹ̀ ẹ́ padà?"

Dókítà mi orí. N kò lè wo ojú ìyá mi. Wọ́n ha ìyókù, ìyẹn ni wọn ò fi bọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe eyín àtọwọ́dá fún un, àmọ́ ó dí èjí rẹ̀ pátápátá. Ó wo dígí, ó ní, "Ó dára o. Ṣùgbọ́n ta nìyí?"

Láyé ìgbà náà, àfi tí eyín bá ń dun èèyàn kó má lè sùn ni à ń wá dókítà. Lónìí, mo ń kó àwọn ọmọ mi lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín nígbà tí nǹkan kan kò ṣe wọ́n, àwọn aládùúgbò sì ń bi mí pé ta ni ara rẹ̀ kò yá. Ìyá mi a máa bá wa lọ. Bí wọ́n bá ti ní kí ọmọ ya ẹnu, á dìde lórí àga, á sún mọ́ nọ́ọ̀sì, á fi ọwọ́ bo ẹnu tirẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀:

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má wo iwájú nìkan. Bá mi ha ẹ̀yìn."