Igi Orúwọ Tí Mo Bó Yí Ká

Ẹ má wá ẹlòmíràn dá lẹ́bi: èmi ni mo pa igi orúwọ tó wà lẹ́yìnkùlé Bàbá tó ń gbé lódìkejì ilé wa ní Abúlé Òkúta. Mo ṣì kéré nígbà yẹn, ṣòkòtò péńpé ni mò ń wọ̀ lọ sílé ìwé, ara mi ò sì balẹ̀, bí kò ṣe balẹ̀ títí dòní.

Ẹ̀yin àbúrò mi, abẹ́ igi yẹn ni Bàbá máa ń jókòó sí láràárọ̀. Àǹtí kan tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù kan, ilé àyẹ̀wò, ní àdúgbò Pedro máa ń wá ra èèpo igi náà. Wọ́n á fa ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde, á di ìyẹ̀fun inú ìgò kékeré, wọ́n á tà á fún àwọn tó ń ṣèwádìí oògùn ibà. Ó ní nínú gbogbo orúwọ tí àwọn ti yẹ̀ wò, ti Bàbá ló dáa jù. "Ọ̀gá olórúwọ" ló máa ń pe Bàbá. Ẹ wá wo bí Bàbá ṣe ń yan!

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni Bàbá máa ń bó, kí igi má bàa kú. Wọ́n á fi ẹrẹ̀ pa ojú ọgbẹ́ náà, wọn ò ní fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ kejì àfi tí èyí bá jinná.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá lọ sìnkú ní Abẹ́òkúta, Àǹtí bá dé, ó ń kánjú. Èmi náà fẹ́ jẹ́ ọ̀gá. Mo ní, "Bàbá ní kí n bó o fún yín." Irọ́ ni. Mo bó igi náà yí ká bí ìgbà téèyàn ń bẹ iṣu.

"Há, ó mà pọ̀ o! Ṣé Bàbá ò ní bínú?"

"Rárá, mà."

Mo fi ẹrẹ̀ pa gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn tí Bàbá dé, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Mo ní oòrùn ló mú un.

"Oòrùn wo nìyẹn tó mú ọ̀bẹ dání?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú wọn ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Àǹtí padà wá bá igi gbígbẹ, Bàbá sọ fún un pé, "Èmi ni mo ní kó bó o. Ojúkòkòrò mi ni."

Àǹtí ò wá mọ́.

Ayé ti yí. Ilé ti gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé àdúgbò wa. Inú àpò ni èèpo igi ti ń wọ Èkó báyìí, ẹni tó ń rà á ò mọ igi tó ti wá. Mo gbin orúwọ mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé Bàbá, kò tíì ju orúnkún mi lọ. Bàbá ti darúgbó, wọ́n ń sún àga tẹ̀lé òjìji ògiri. Bí mo bá ń bomi rin ín, tí mò ń lọ tí mò ń bọ̀, wọ́n á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, jókòó!"

Báwo ni n ó ṣe jókòó? Mo ti rìn dé ẹnu ọ̀nà láàbù yẹn lẹ́ẹ̀melòó kan, mò ń yí padà. Ìrìn tí mo jẹ Bàbá ní gbèsè ni pé kí n wọlé, kí n sọ fún Àǹtí pé Bàbá kọ́ ló ṣojúkòkòrò. Mi ò tíì rìn ín.