Ẹni Tí Wọ́n Fi Mí Lé Lọ́wọ́ Lọ́nà Málítà

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ti wọ ọkọ̀ òfuurufú rí kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀, ìyẹn nígbà tí èmi àti ọkọ mi lọ sí Mẹ́kà. Ọwọ́ ọkọ mi ni ìwé ìrìnnà àwa méjèèjì wà. Ẹ̀yìn agbádá rẹ̀ ni mo ń wò láti Kútọnu títí a fi dé ilẹ̀ mímọ́. Ibi tí agbádá náà bá yà sí, ibẹ̀ ni èmi náà ń yà sí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè bí pápákọ̀ òfuurufú ti rí, n kò ní nǹkan tí mo lè sọ ju pé ilẹ̀ rẹ̀ ń dán. Ọkọ mi ti jáde láyé, kí Ọlọ́run forí jì í. Àlàájà tí ó mọ ẹ̀yìn agbádá nìkan ló ṣẹ́kù.

Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo ń gbé ní Málítà, erékùṣù kékeré kan tó wà láàárín òkun tó ya ilẹ̀ Lárúbáwá sọ́tọ̀ kúrò lára ilẹ̀ àwọn òyìnbó. Nígbà tí mo bá sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà mi ní ọjà Gbégamey ní Kútọnu, níbi tí mo ti ń ta òwú ìránṣọ àti bọ́tìnnì, wọ́n á ní, "Àlàájà, ṣebí Màlì nìyẹn? Ẹ wọkọ̀ láti Paraku." Mo ṣàlàyé títí ó fi sú mi. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọmọ Pobè ni ọkọ rẹ̀, ó ń dáná nínú ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù, ó sì máa ń pẹ́ lórí òkun. Nígbà tí oyún ọmọ mi ti tóbi, ó pè mí.

"Ìyá, bàbá ọmọ ò ní tíì dé nígbà tí mo bá bí. Kò sẹ́ni tó máa bá mi wẹ ọmọ."

Lọ́dọ̀ wa ní Kétu, bí ọmọbìnrin bá bí àkọ́bí rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló ń wẹ ọmọ náà. Ìyá mi wẹ tèmi. Ọ̀rọ̀ náà kò ní àríyànjiyàn nínú rárá.

Ẹni tó ni àríyànjiyàn ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, tí wọ́n jẹ́ olórí ilé wa. Gáréèjì Godomey, lẹ́bàá Kútọnu, ni ibùjókòó wọn, ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ wọn ti ń gbéra tí wọ́n ń ná ọ̀nà Kétu. Láti ìgbà tí mo ti wà nílé kéú ni wọ́n ti kọ́ wa pé kí obìnrin má ṣe rin ọ̀nà jíjìn láìní màháràmù, ìyẹn ọkọ rẹ̀, tàbí ọkùnrin ilé rẹ̀ tí kò lè fẹ́ ẹ: bàbá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ rẹ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀. Nítorí náà àdéhùn wa ni pé èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ máa lọ. A jọ béèrè fisa. Tèmi jáde, tiwọn kò jáde.

"Ó parí nìyẹn," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ìwọ náà ò lọ mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa wẹ ọmọ?"

"Ṣé àwọn ará ibẹ̀ kì í bímọ ni? Ẹni tó ń wẹ tiwọn á wẹ tiwa."

"Àwọn ará ibẹ̀ ò mọ̀ pé a máa ń na ọmọ lápá, ká nà án lẹ́sẹ̀. Wọ́n á kàn nù ún bí àwo ni."

Wọn ò rẹ́rìn-ín. N kò lè lọ láìgba ìwúre lẹ́nu wọn. Kì í ṣe pé wọ́n lè dè mí mọ́lẹ̀. Ìrìn tí wọn ò wúre sí ni n kò rìn rí, n kò sì fẹ́ kí àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ sí ibi tí òkun yí ká.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwa méjèèjì lọ bá lémọ̀mù wa. Lémọ̀mù gbọ́ tẹnu ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n gbọ́ tèmi. Wọn ò ní kí n lọ, wọn ò ní kí n má lọ. Wọ́n ní ohùn àwọn onímọ̀ kò ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Àwọn kan fàyè gbà á bí ọ̀nà bá ní ààbò, tí obìnrin tó ṣeé fọkàn tán sì wà pẹ̀lú ẹni tó ń lọ.

"Èwo wá ni obìnrin tó ṣeé fọkàn tán náà?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí nígbà tí a ń wọ bàtà.

Mo ní n kò mọ̀.

"Èmi fúnra mi ni n ó wá a. Bí mi ò bá rí i, ilé là ń padà sí."

Wọ́n wá a láàárín àwọn ará Kétu, wọ́n wá a láàárín àwọn ará Ṣakété. Kò sẹ́ni tó ń lọ sí Málítà. Títí di ọjọ́ tí mo máa lọ, a ò tíì rí ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ wọ́n fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n gbé àpò mi sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù, wọ́n sì dúró síwájú àwọn tó tò sẹ́nu ọ̀nà.

Mo ní láti sọ àṣà Godomey kan kí ohun tí wọ́n ṣe lè yé ènìyàn. Bí obìnrin kan tàbí arúgbó kan bá fẹ́ dá rin ìrìn-àjò, ẹni tó sìn ín wá sí gáréèjì á wo inú ọkọ̀ láti ojú fèrèsé, á yan ojú kan tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, á wá sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mójú tó o." Ẹni tí wọ́n yàn kì í kọ̀. Bí òun bá máa kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, á fi èrò náà lé ẹlòmíì lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi la ẹnu wọn tí wọ́n fi ń pe èrò láti ìgbà èwe wọn.

"Málítà! Málítà! Ta ló ń lọ Málítà?"

Gbogbo ènìyàn yíjú. Ọlọ́pàá kan sún mọ́ wa. "Bàbá, ẹ ò sí ní gáréèjì o."

"Mo mọ̀. Ká ní gáréèjì ni, èrò ì bá ti dáhùn."

Mo fi ìborùn bo ojú mi. Ìgbà yẹn ni mo rí i tí ẹnìkan na ọ̀pá sókè láàárín èrò. Ìyá arúgbó kan ni, ará Faransé, ó fi aṣọ ọ̀fì wa kan di orí. Ó ní òun ń lọ sí Málítà. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e, èdè Faransé ni wọ́n fi sọ ọ́. Mo gbọ́ ọ, torí pé ọjà ti kọ́ mi ní ìwọ̀nba.

"Ṣé ẹ̀yin nìkan ni?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi í.

"Èmi nìkan ni."

"Ọkọ yín ńkọ́?"

"Ó wà nílé. Ó fẹ́ràn ilé, èmi fẹ́ràn ọ̀nà."

"Ta lẹ ní ní Málítà?"

"Mi ò ní ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ lọ jókòó wo òkun ni."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi, wọ́n sọ ọ́ ní Nàgó, èdè Yorùbá tiwa, "Òkun tó wà níbí yìí ńkọ́? Ṣé wọ́n ti kó o lọ ni?" Wọ́n tún wo ìyá náà láti orí dé ẹsẹ̀. Bí ojú wọn ti ń wo ọkọ̀ kí wọ́n tó rà á náà ló rí. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, "Àbúrò mi nìyí. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ bímọ. Mo fi í lé yín lọ́wọ́."

Mo rò pé ìyá náà á rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sí ọwọ́ òsì, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di ọwọ́ mi mú.

"Mo gbà á," ló wí.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣàdúà fún mi níbẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ṣe àmín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kí n tó dìde.

Kí ọkọ̀ tó gbéra, fóònù mi dún.

"Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ?"

"Ìyá náà ni, Ẹ̀gbọ́n. A bẹ ẹnìkan, ó bá wa pààrọ̀ ìjókòó."

"Èrò mélòó ló kù kí ọkọ̀ kún?"

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n á gbéra bí kò bá tiẹ̀ kún."

"Bí kò bá kún! Kí ni wọ́n á wá jẹ?"

Ìsítáńbùlù la ti máa pààrọ̀ ọkọ̀. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, mo rí i pé pápákọ̀ ibẹ̀ tóbi ju ọjà èyíkéyìí tí mo mọ̀ lọ. Ibẹ̀ náà ni orúnkún ìyá náà ti wú. Ó jókòó sórí àga kan, ó fi ọ̀pá tilẹ̀, kò lè dìde. Mo tan fóònù mi, mo bá iṣẹ́ tí ọmọ mi rán: inú ti bẹ̀rẹ̀ sí í run ún díẹ̀díẹ̀.

"Máa lọ," ni ìyá náà wí. "Ọmọ rẹ ń retí rẹ. N ó wọ ọkọ̀ ọ̀la."

Mo wò yíká. Àmì tó wà lára ògiri kò yé mi. Mo pe Godomey.

"Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ?"

"Òun náà ni, ṣùgbọ́n kò lè rìn mọ́. Ó ní kí n máa lọ. Bí mo bá dúró tì í, ọkọ̀ lè fi mí sílẹ̀, ọmọ mi á sì dá bímọ."

Mo ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ lẹ́yìn wọn.

"Bí ẹni tí mo fi èrò lé lọ́wọ́ bá ṣàìsàn lọ́nà Kétu, ṣé èrò náà á fò ó kọjá?"

"Rárá, Ẹ̀gbọ́n."

"Lọ wá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó ni gáréèjì á ní ohun tí wọ́n fi ń gbé arọ."

Mo rí òṣìṣẹ́ kan tó wọ aṣọ iṣẹ́. Kò gbọ́ Faransé ọjà mi. Mo fà á lápá aṣọ, mo fi orúnkún ìyá náà hàn án, mo fi tíkẹ́ẹ̀tì wa méjèèjì hàn án. Ó sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ kan. Láìpẹ́, wọ́n wa ọkọ̀ kékeré kan wá tí kò ní ilẹ̀kùn, ó ń rìn nínú ilé bí sẹ́mìjáànì, ọ̀kadà ọ̀dọ̀ wa, wọ́n sì ní kí àwa méjèèjì gun ún. Ó ń fọn fèrè, èrò ń yà fún wa. A rìn, a rìn, a yà sọ́tùn-ún, a yà sósì. Mo rí i kedere pé ká ní mo dá rìn ni, ǹ bá máa yí ibẹ̀ ká títí ọkọ̀ fi máa lọ. Àwa la wọlé gbẹ̀yìn. Ìyá náà di ọwọ́ mi mú títí a fi fò.

Ọmọ mi dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ní Málítà, obìnrin aládùúgbò rẹ̀ kan dì í mú. Mo fẹ́ sáré, ṣùgbọ́n ìyá arúgbó náà, lórí àga oníkẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń tì í, ní kí n dúró. Ó bi ọmọ mi bóyá òun ni ọmọ mi lóòótọ́. Nígbà tí ọmọ mi ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyá náà mú ọwọ́ mi, ó fi í sí ọwọ́ ọmọ mi.

"Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé mo ti jíṣẹ́," ló wí. Ó sì lọ wo òkun rẹ̀.

Ọkùnrin ni ọmọ mi bí. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́ nílé ìwòsàn, mo nà án lápá díẹ̀, nọ́ọ̀sì kan sì pariwo mọ́ mi. Ó ku ohun kan. Ọkùnrin ló ń pe ìrun sí etí ọ̀tún ọmọ tuntun lọ́dọ̀ wa, bàbá ọmọ sì wà lórí òkun níbi tí fóònù ò dé. Èmi àti ọmọ mi wo ara wa. Mo pe Godomey.

"Ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin ni. Ẹ wá pe ìrun sí i létí."

"Níbo ni kí n ti pè é? Níbí?"

"Níbẹ̀."

Mo gbọ́ tí wọ́n pariwo mọ́ awakọ̀ kan, "Pa ọkọ̀ yẹn! Mo ní kó o pa á!" Mo gbọ́ tí ọkọ̀ kan dákẹ́, tí òmíràn dákẹ́. Mo gbé fóònù sún mọ́ etí ọ̀tún ọmọ náà. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi jáde, ohùn tí wọ́n fi ń pe èrò, ṣùgbọ́n wọ́n rọ̀ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n pè é títí dé òpin. Omi ń bọ́ lójú ọmọ mi.

"Ṣé ó gbọ́?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

"Ó lajú, Ẹ̀gbọ́n."

"Àlùhámúdùlílàhì. Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ báyìí?"

"Ìyá ọmọ, àti ọmọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí fisa ti dé.

"Ó tán, Àlàájà. O ti ní màháràmù. Bá mi mójú tó o, kó tètè dàgbà."