Àwọn Ọ̀nì Bàbá Mi

Òórùn èédú ni mo fi máa ń mọ̀ pé ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé ti mọ́. Nígbà òtútù, kí oòrùn tó yọ lórí òrùlé àwọn aládùúgbò wa ní Troyeville, èéfín á ti bo gbogbo òpópónà, koríko iwájú ilé á ti funfun fún yìnyín, bàbá mi á sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, wọ́n á ti we ìborùn aláwọ̀ ewé àti funfun mọ́ ọrùn bí ẹni tó ń lọ sójú ogun. "Bùkọ́lá, dìde. Àwọn Ọ̀nì ń dúró dè wá."

Kò sí Ọ̀nì kankan tó ń dúró dè wá. Ẹgbẹ́ mìíràn ló ń dúró, àwọn tó ti mọ̀ pé tí àwọn bá ti dé pápá wa, àwọn ò ní lọ lọ́wọ́ òfo.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nílùú yìí, mo mọ ohun tí ẹ̀yin ń ṣe nígbà náà. Ẹ̀ ń wo àwọn ẹgbẹ́ ńlá lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀ ń wọ aṣọ wọn lọ sílé ìwé, ẹ̀ ń fọ́nnu pé ẹ gba ife ẹ̀yẹ tó jẹ́ pé ẹ ò mọ ọ̀nà ìlú tí wọ́n ti gbà á. Èmi ní tèmi. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọwọ́ tí bàbá mi ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ni mò ń tẹ̀ lé. Mi ò mọ ẹni tó sọ wọ́n ní Ọ̀nì nílùú tí kò lódò, àmọ́ ó jọ pé àwọn agbábọ́ọ̀lù náà ti ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa, nítorí bí ọ̀nì tó wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe ń sáré.

Ẹ̀yìn kọ́lẹ́ẹ̀jì ni pápá wà, lápá Turffontein, kò jìnnà síbi tí wọ́n ti ń fi ẹṣin sáré. Bí àwọn ẹṣin bá ń sún mọ́ òpin eré, ariwo àwọn èrò ibẹ̀ máa ń gba orí òrùlé wá bá wa. Kò sí bó ṣe ń ṣe é tí kì í bọ́ sí ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá gólì sáwọ̀n wa. Àwọn àlejò á wo ọ̀hún, inú wọn á dùn, wọ́n á rò pé àwọn alátìlẹyìn àwọn ni.

Bàbá mi kì í ṣe aláriwo. Nílé, wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ ìkókó kan ń sùn nítòsí. Àmọ́ tí wọ́n bá ti dé orí bẹ́ńṣì pápá yẹn, ohùn tí mi ò mọ ibi tí wọ́n ń gbé e pamọ́ sí látàárọ̀ Ọjọ́ Ajé á jáde. Yorùbá ni wọ́n fi ń pariwo, láàárín àwọn tí kò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. "Gbé e fún un! Gbé e fún un, ṣé o ò rí i ni?" Lucky, ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tó ń gbá iwájú fún wa, tí kò tíì gbá gólì kankan wọlé láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, rò pé ìkíni ni. Lọ́jọ́ kan ó pàdé bàbá mi níwájú kíláàsì, ó tẹrí ba tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Gbé e fún un, sà." Bàbá mi ní, "Gbé e fún un, Lucky," àwọn méjèèjì sì kọjá lọ.

Ìyá mi, tó ní ṣọ́ọ̀bù ìdirun ní kọ̀rọ̀ òpópónà wa, ò bá wa lọ rí. Bí wọ́n bá rí wa tí à ń wọ mọ́tò, wọ́n á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú kóòmù lọ́wọ́. "Ẹni tó bá ń wá ibi tó ti máa sunkún lọ́fẹ̀ẹ́, kó máa bá bàbá Bùkọ́lá lọ." Gbogbo àwọn oníbàárà á rẹ́rìn-ín. Tí a bá padà dé, wọn kì í béèrè ẹni tó borí. Ọbẹ̀ ni wọ́n máa ń bù fún wa, bí ẹni tó ń tu aṣọ̀fọ̀ nínú.

Bàbá mi ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń sọ: "Fèrè ò tíì dún." Wọ́n á sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá ti gbá gólì márùn-ún sáwọ̀n wa, tí àwọn èèyàn bá ń palẹ̀ mọ́. Wọ́n á sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo bá gba òdo nínú ìdánwò ìṣirò, fún àbúrò ìyá mi tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ kọ̀ ọ́ sílẹ̀, fún ẹ̀rọ ìfọṣọ wa tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. A kò dìde ní pápá yẹn rí kí rẹfirí tó fọn fèrè ìkẹyìn. Èmi náà gba ọ̀rọ̀ ọ̀hún gbọ́ débi pé ní ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, mo dìde lọ́jọ́ kan, mo ní kí wọ́n bá mi gbàdúrà fún àwọn Ọ̀nì. Olùkọ́ wa ní Ọlọ́run kì í dá sí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Mo ro gbogbo eré wa láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà náà wò, mo gbà pé òótọ́ ló sọ.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lórí bẹ́ńṣì ni Gogo máa ń jókòó. Ìyá àgbà ni wọ́n ń pè ní gogo níbí, ti aṣọ́lé wa, Sipho, sì ni Gogo yìí. Láti Alexandra ni wọ́n ti ń wá, táksì kan dé àárín ìlú, òmíràn dé Turffontein, agbòòrùn lọ́wọ́, búláńkẹ́ẹ̀tì léjìká. "Baba" ni wọ́n ń pe bàbá mi, bí àwọn Zulu ṣe ń pe ọkùnrin tó bá ti tó baba. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe Yorùbá ni wọ́n ń sọ.

Ìgbà kan wà tí ìlú dàrú, tí wọ́n ń lé àwọn àjèjì, tí wọ́n ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù wọn. Ìyá mi ti ṣọ́ọ̀bù pa fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ní Sátidé, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní bàbá mi ò gbọdọ̀ jáde. Bàbá mi ní àwọn Ọ̀nì ní eré. Ìyá mi ní ṣé wọ́n fẹ́ kú nítorí ẹgbẹ́ tí kò mọ bọ́ọ̀lù gbá ni. Bàbá mi we ìborùn. Mo sunkún títí pé màá bá wọn lọ, wọ́n sì mú mi lọ.

A ò tíì jókòó dáadáa tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan lẹ́yìn wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ketekete pé àwọn kwerekwere, àwọn àjèjì, kò gbọdọ̀ jókòó síbẹ̀ mọ́, kí wọ́n padà sílùú wọn. Bàbá mi tẹjú mọ́ pápá. Gogo ló dìde. Wọ́n rọra yí padà, wọ́n sì na agbòòrùn sí i láyà. "Gbọ́ mi, ìwọ ọmọ yìí. Àjèjì wo lo rí tó máa fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ wá jẹ irú ìyà tí à ń jẹ níbí ní gbogbo Sátidé? Tiwa ni ẹni yìí. Ojú rẹ̀ nìkan tó láti fi mọ̀." Gbogbo bẹ́ńṣì bú sẹ́rìn-ín, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì wá ibòmíràn jókòó sí. Wọ́n nà wá ní gólì mẹ́rin lọ́jọ́ náà. Mi ò rí kí inú bàbá mi dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tó yá, ohun tí ẹnikẹ́ni ò retí ṣẹlẹ̀. Àwọn Ọ̀nì dé àṣekágbá ìdíje àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹ má bi mí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹgbẹ́ kan ò wá, mọ́tò òmíràn bà jẹ́ lọ́nà, wọ́n lé ẹ̀kẹta jáde nítorí pé wọ́n fi ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ gbá bọ́ọ̀lù. A dé ibẹ̀ láìfi bẹ́ẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n ṣẹ́ gègé, pápá wa ló mú.

Ní ọjọ́ náà, bàbá mi fá irùngbọ̀n wọn. Gogo wọ aṣọ ìlọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kó tó di ìsinmi ìlàjì, wọ́n ti gbá gólì mẹ́ta sáwọ̀n wa, èyí tó gbẹ̀yìn sì gba àárín ẹsẹ̀ Sipho kọjá. Gogo ní, "Eish, Sipho," wọ́n gbé ọwọ́ sórí, wọ́n sì ṣubú lu èjìká bàbá mi.

Lákọ̀ọ́kọ́ a rò pé ìbànújẹ́ ni. Nígbà tí bàbá mi pè wọ́n tí wọn ò dáhùn, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá bọ́ọ̀lù. Bàbá mi nìkan ló ní mọ́tò nínú gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì wa. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún Sipho kí eré tó parí. Àwọn ọkùnrin méjì bá wọn gbé Gogo sẹ́yìn mọ́tò, mo gbé orí wọn sórí itan mi. Bí a ṣe ń jáde ní géètì, ariwo ńlá kan sọ lẹ́yìn wa. Bàbá mi gbọn orí. "Àwọn ẹlẹ́ṣin," ni wọ́n wí. Nígbà tí a dé iná adarí ọkọ̀ àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní róbọ́ọ̀tì níbí, òmíràn tún sọ. "Àwọn ẹlẹ́ṣin ń gbádùn lónìí."

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ìdùnnú àṣekágbá ò jẹ́ kí Gogo rántí lo oògùn wọn láàárọ̀. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí méjì, wọ́n jẹ́ ká wọlé. Gogo lajú, wọ́n wo bàbá mi, wọn ò béèrè ibi tí wọ́n wà. "Baba, mélòó sí mélòó?"

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé díákónì ni bàbá mi. Tí ẹnikẹ́ni bá wá kanlẹ̀kùn tí wọn ò fẹ́ rí i, wọn kì í jẹ́ ká sọ pé wọn ò sí nílé. Wọ́n wo àjà, wọ́n wò mí, wọ́n wá dá Gogo lóhùn. "A borí, Gogo. Mẹ́rin sí mẹ́ta."

Omi lé sójú Gogo. "Ta ló gbá èyí tó kẹ́yìn?"

Ẹni tó bá ti wọ odò dé ọrùn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ lè máa ṣọ́ ṣòkòtò: bó ṣe rí lójú wọn nìyẹn. Bàbá mi ní, "Lucky ni."

"Irọ́ ni!" ni Gogo ké, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi wá bá wa wí. Wọ́n gba gbogbo rẹ̀ gbọ́ àyàfi Lucky.

A ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí a gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Sipho ló kọ́kọ́ wọlé, ìbọ̀wọ́ aṣọ́lé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń sá bọ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo ẹgbẹ́, ẹrẹ̀ lára, Lucky sì gbé ife ẹ̀yẹ dání bí ọmọ tuntun. Mẹ́rin sí mẹ́ta. Ẹ̀yìn Lucky ni bọ́ọ̀lù ìkẹyìn ti bà tó fi wọlé, níbi tó ti ń sá fún un. Bàbá mi wá àga, wọ́n jókòó.

Nínú mọ́tò, wọn ò tètè tan ẹ́ńjìnnì. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìdarí, wọ́n ń wo iwájú. Gbogbo ìyà tí àwọn Ọ̀nì jẹ pátá ló ṣojú wọn, ìṣẹ́gun kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni wọn ò rí. Mo rò pé wọ́n máa sunkún. "Bùkọ́lá," ni wọ́n wí, "ẹ̀yìn rẹ̀ ni àbí èjìká? Ṣé o gbọ́ ọ dáadáa?"

Nígbà tí a sọ ọ́ fún ìyá mi nílé, wọ́n bi bàbá mi bóyá àsọtẹ́lẹ̀ ni tàbí irọ́. Bàbá mi ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ fún àwọn. Láti ọjọ́ náà ni bàbá mi ti ń béèrè bí eré náà ṣe lọ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó wà ní pápá, títí ó fi dà bí ẹni pé wọ́n wà níbẹ̀ fúnra wọn. Níbi ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì wọn, mo gbọ́ tí wọ́n ń ṣàlàyé gólì kẹrin fún àwọn èrò, ibi tí oòrùn wà, bí Lucky ṣe tẹ̀ ba. Sipho tó dúró sẹ́nu àwọ̀n wa ní òdìkejì pápá lọ́jọ́ náà ń mi orí, ó ń kọ́ ohun tí kò mọ̀.

Àwọn Ọ̀nì padà sí bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ ní sáà tó tẹ̀ lé e, wọn ò sì tíì kúrò níbẹ̀ títí di òní. Mo mọ̀, nítorí mo ṣì ń lọ. Mo ti di ẹnjiníà, mo ní ọ́fíìsì ní Sandton, àwọn èèyàn ń dìde tí mo bá wọlé. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé àgbà ló ń yan ẹgbẹ́ fún ọmọdé, àti pé lọ́jọ́ tí èmi náà bá dàgbà, màá yan èyí tó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà lọ́gbọ́n jù mí lọ. Tí wọ́n bá nà wá ní Sátidé, ó ti máa gbàgbé kó tó jẹ ìrẹsì Ọjọ́ Ìsinmi tán. Èmi, tí wọ́n bá nà wá ní Sátidé, àwọn òṣìṣẹ́ mi ò lè bá mi sọ̀rọ̀ dọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò ń rọ̀, wọ́n ti gbá gólì márùn-ún sáwọ̀n wa. Ọmọ mi obìnrin, Tọ́lá, tó wà lábẹ́ kóòtù mi, bi mí lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kí ló dé tí a kì í lọ wo àwọn tó ń borí. Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí èèyàn fi sùúrù dáhùn rẹ̀. Mo la ẹnu láti ṣàlàyé. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbá iwájú fún wa ṣèèṣì rí bọ́ọ̀lù, òun nìkan, níwájú àwọ̀n tí kò sẹ́nìkan níbẹ̀. Mo ti dìde kí n tó mọ̀, ọmọ mi sì ti bọ́ sínú òjò.

Agbábọ́ọ̀lù náà gbá a gba orí àwọ̀n kọjá.